Kìnnìún Ìdí Ife Bàbá Àgbà

Upenmen

Ẹ̀gbọ́n mi Akínwọlé ní Lọ́ńdọ̀nù,

Gbogbo ilé ń kí yín. Orúnkún Màámi ti ń san.

Ife fàdákà Bàbá Àgbà ni kò jẹ́ kí n sinmi. Bàbá fẹ́ tà á fún ẹnìkan tó ní páànù lásán ni. Kìnnìún kékeré, àmì tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń tẹ̀ sára ojúlówó fàdákà, àti lẹ́tà mẹ́ta wà nídìí rẹ̀. Eérú tí Màámi fi ń fọ̀ ọ́ ní gbogbo Àjíǹde ti jẹ orí kìnnìún náà. Màámi ní, “Ajá nìyẹn, Veronica.”

Mo tẹ́ bébà yìí lé àmì náà, mo fi pẹ́ńsù ha á títí àwòrán rẹ̀ fi hàn. Ẹ fi han alágbẹ̀dẹ fàdákà, ká mọ ẹni tó rọ ọ́.

Mo ti fi ife pamọ́ sínú àpò gàrí. Ọlọ́run á ṣọ́ yín. Ẹ tètè fèsì. Bàbá ò tíì bi mí, mi ò sì mọ irọ́ pa.

Àbúrò yín,
Veronica