Ẹni Kejì Nínú Ọkọ̀ Tàjúdínì

Tàjúdínì, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí a bí síhìn-ín ní Bouaké, ìlú àwọn elédè Faransé, ọdún mẹ́rin rèé tí o jáde láàárọ̀ tí o kò padà wọlé. Ọdún mẹ́rin! Oyún tí o fi sílẹ̀ lára Sèlíátù aya rẹ ti di ọmọ tó ń sáré káàkiri àgbàlá, tó ń pe gbogbo ọkùnrin tí girísì bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní bàbá. Ilé tí o mọ dé ojú fèrèsé, a ti kan òrùlé rẹ̀. Àwọn ọlọ́tẹ̀ ṣì ni wọ́n ń ṣàkóso ìlú, ṣùgbọ́n àwọn ìsọ̀ àdúgbò Commerce ti ṣí padà, ọkọ̀ ojú irin sì ti ń fun fèrè rẹ̀ kọjá. Ohun gbogbo ń lọ. Ìwọ nìkan ni a kò rí níbẹ̀.

Lọ́dọọdún tí àwa ẹbí rẹ bá ń rántí rẹ, a máa ń sọ fún ọ pé dáadáa la wà. Lọ́dún yìí, a fẹ́ ròyìn ohun tí ojú Sèlíátù rí lẹ́yìn rẹ. A kò lè sọ ọ́ nígbà tí egbò ṣì tutù.

O kò ní gbàgbé ọkọ̀ yẹn. Aboubacar tó ń ra kajú lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ ló rà á ní Lomé: ọkọ̀ pupa, pẹlẹbẹ, ìjókòó méjì péré, irú èyí tí a ṣe fún eré àsápajúdé. Ìlú tí ọmọ ogun ti ń ta okùn dí ojú ọ̀nà, tí wọ́n ń pe irú ìdènà bẹ́ẹ̀ ní kọ̀rídọ̀, ibẹ̀ ló gbé e wá. Àwọn tó tà á fún un ní gàrántì. Wọ́n ní bí ohunkóhun bá bàjẹ́ lára rẹ̀, àwọn yóò tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́, àfi bí ẹlòmíràn bá ti tú u tàbí bí wọ́n bá ti fi sáré ju bó ṣe yẹ lọ. Nígbà tí iná kan tàn níwájú awakọ̀, tí iná náà kò kú mọ́, tí bíréèkì sì bẹ̀rẹ̀ sí í han, wọ́n ní kí Aboubacar gbé e padà wá sí Lomé. Ta ni yóò gbé irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ gba gbogbo kọ̀rídọ̀ yẹn kọjá lẹ́ẹ̀kejì? Ó gbé e wá sí gáràjì rẹ, níbi tí o ti ń tún ọkọ̀ ṣe.

Nídìí oúnjẹ lọ́jọ́ náà, o sọ fún Sèlíátù pé ọkọ̀ yìí kò jọ èyíkéyìí tí ọwọ́ rẹ ti kàn rí. O ní bí o bá ti jókòó sínú rẹ̀, ó máa ń dà bíi pé ó ń ṣọ́ ọ. Sèlíátù fi ọ́ rẹ́rìn-ín, ó ní irin ni irin ń jẹ́. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, o gbé e gba ọ̀nà Béoumi, kí o lè gbọ́ ohùn bíréèkì náà lójú ọ̀nà tó tẹ́jú.

Àwọn ọmọ ogun ni wọ́n gbé ọ wálé. Wọ́n ní ibi tí ọ̀nà ti gún gbọọrọ ni ọkọ̀ ti yà kúrò lójú títì, tó lọ fi orí sọ igi. Kò sí kòtò níbẹ̀, kò sí màlúù, kò sí ọkọ̀ mìíràn. Kò sí ọlọ́pàá ní Bouaké nígbà náà tí yóò wá wọn ilẹ̀, tí yóò béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. A wẹ̀ ọ́, a kírun sí ọ lára, a sin ọ́ kí oòrùn tó wọ̀.

Kí a tó ṣe fìdáù ọjọ́ kẹjọ, ọ̀rọ̀ ti kún ọjà. Wọ́n ní ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ ni Anago, bí wọ́n ṣe ń pe àwa Yorùbá níbí, fi ń ṣe fújà tó fi kú. Aboubacar kò bá wọn sọ ọ́, ṣùgbọ́n kò pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Ọkọ̀ náà ńkọ́? Àgbàlá gáràjì rẹ ni wọ́n wọ́ ọ wá. Imú rẹ̀ ti rún wọlé, ìdí rẹ̀ ṣì ń dán bíi ti ọjọ́ tí wọ́n rà á. Sèlíátù, pẹ̀lú oyún oṣù méje, kò lè lọ sídìí ẹ̀rọ omi láìgba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé iná kan máa ń ṣẹ́jú nínú rẹ̀, pé ó ń ṣẹ́jú, ó ń dákẹ́, bí ojú ẹni tí kò rí oorun sùn. A ní ọ̀fọ̀ ló ń yọ ọ́ lẹ́nu. Ọjọ́ tí òjò kan dá ni Yésúfù ẹ̀gbọ́n rẹ fojú ara rẹ̀ rí i. Ó ní bátìrì rẹ̀ ni kò tíì kú. Òótọ́ ló sọ, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, òun náà kò gba ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ mọ́.

Nígbà tó yá, ọkùnrin kan dé láti Lomé. Christian ni wọ́n ń pè é. Àwọn tó ta ọkọ̀ ló rán an, nítorí Aboubacar ní kí wọ́n wá mú gàrántì wọn ṣẹ. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ó ń rọra sọ̀rọ̀. Ó fi wáyà so kọ̀ǹpútà rẹ̀ mọ́ abẹ́ ibi tí awakọ̀ ń tẹsẹ̀ bọ̀, ó yí kọ́kọ́rọ́. Ọkọ̀ tí a ti pè ní òkú tan gbogbo iná inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Sèlíátù di apá Yésúfù mú.

Christian wá ṣàlàyé fún wa ní Faransé. Ó ní àpótí kékeré kan wà nínú irú ọkọ̀ yìí, tó máa ń ká ìṣe awakọ̀ sílẹ̀: bó ṣe ń sáré tó, ìgbà tó tẹ bíréèkì, ibi tó yí ọwọ́ ọkọ̀ sí. Aboubacar ní ẹnikẹ́ni kò sọ bẹ́ẹ̀ fún òun lọ́jọ́ tí òun rà á. Christian ní ó wà nínú ìwé tó fọwọ́ sí, nísàlẹ̀ pátápátá.

Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í kà ọ́. Tàjúdínì, ẹni tí kò rí ọ rí ni o, ó sì mọ bí ẹsẹ̀ rẹ ti wúwo tó. Ó ní o de bẹ́líìtì. Ó ní eré tí o ń sá kò ju èyí tí takisí ń sá lójú ọ̀nà yẹn. Ó ní lójijì ni o ká ẹsẹ̀ kúrò lórí irin tó ń mú ọkọ̀ sáré, o tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ pátápátá, o sì yí ọwọ́ ọkọ̀ sí òsì bí ẹni tó ń yẹ nǹkan sílẹ̀. Ó dákẹ́ níbẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni àpótí náà dákẹ́ sí.

Sèlíátù béèrè pé, "Kí ló rí?"

Christian mi orí. "Kò ní ojú, Màdáàmù. Ẹsẹ̀ àti ọwọ́ nìkan ló mọ̀."

Ó wá kan ọ̀rọ̀ tó tìtorí rẹ̀ wá. Ó ní ọjọ́ kan ti wà ṣáájú ọjọ́ ikú rẹ tí wọ́n sá ọkọ̀ náà kọjá igba kìlómítà ní wákàtí kan, eré tí kò sí ọ̀nà fún ní gbogbo agbègbè yìí, nítorí náà gàrántì ti bàjẹ́. Ẹni tó sá a, àpótí kò mọ̀ ọ́n. Gbogbo wa wo Aboubacar.

Aboubacar ní, "Mẹkáníìkì ni."

Òkú kì í jẹ́jọ́.

Christian ti ń ká wáyà rẹ̀ nígbà tó tún gbójú sókè. Ó ní, "Ẹ dákun, ẹni kejì ńkọ́? Ṣé ara rẹ̀ ti yá?"

A ní ẹni kejì wo.

Ó ní, "Ìjókòó ẹ̀gbẹ́ awakọ̀ kò ṣófo. Ẹnì kan wà níbẹ̀, ó de bẹ́líìtì."

Òkú kan péré ni wọ́n gbé wá fún wa. Sèlíátù kò sunkún. Ó rìn lọ síbẹ̀, ó ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ kejì, ó sì jókòó. Kíá ni ọkọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í ké: tín-ín, tín-ín, tín-ín. Ó ti mọ̀ pé èèyàn ti wọlé. Sèlíátù gbé ọwọ́ lé ikùn rẹ̀, ó wo iwájú, ọkọ̀ ń ké, kò sì sẹ́ni tó lè sún mọ́ ọn, títí Christian fi yọ kọ́kọ́rọ́.

Christian fẹ́ tú àpótí náà lọ sí Lomé. Aboubacar ní òun gbà, torí òun ló ni ọkọ̀. Sèlíátù jáde nínú rẹ̀, ó sì fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn.

Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ ni ọkọ̀ o, n ò bá yín jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ tó wà nínú àpótí yẹn, ẹsẹ̀ ọkọ mi ni. Kò ní bá ẹnikẹ́ni lọ."

Ta ni yóò ti aboyún kúrò? Christian lọ lọ́wọ́ òfo.

Àwọn ọjọ́ tó tẹ̀ lé e burú, Tàjúdínì. Àwọn kan ní obìnrin ni o gbé, pé ilé rẹ̀ ni o máa ń lọ ní Béoumi. Àwọn mìíràn ń sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé kì í ṣe èèyàn rárá, pé ohun tí o yà fún lójú ọ̀nà náà ni ohun tó jókòó tì ọ́. Sèlíátù kò mọ èyí tí yóò gbàgbọ́ nínú méjèèjì, kò sì mọ èyí tó sàn. Bó bá lọ sọ́jà, ẹsẹ̀ àwọn obìnrin ló máa ń wò, bóyá ọ̀kan nínú wọn ń tiro. Ó bí Qoreebah, a sọ ọmọ lórúkọ, kò rẹ́rìn-ín. Ó kó aṣọ rẹ tí a ti fọ̀, ó tún un fọ̀.

Qoreebah ti ń dá jókòó nígbà tí ìyá kan wọlé wá. Sákínátù ni, Sákínátù oníṣu, ará ilé wa tó ń gbé Béoumi. Ó ní ọjọ́ kejì tí ẹ rí ara yín ni òun sọdá sí Abidjan lọ tọ́jú ọmọ òun tó bímọ, kò sì rọrùn láti padà sápá ibí. Ìgbà tí òun dé ni wọ́n tó sọ fún òun. Ó jókòó sílẹ̀, ó ń fi ìborùn nu ojú.

Ó ní, "Àní mo ṣì di iṣu lé e lọ́wọ́ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Ṣé iṣu náà délé?"

Sèlíátù béèrè pé iṣu wo.

"Àpò iṣu àti ẹja gbígbẹ. Ó ní ìyàwó òun lóyún, ẹja adágún Kossou ló ń wù ú jẹ. Búùtù ọkọ̀ yẹn kò gba nǹkan kan, ni mo bá gbé e jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ọkọ̀ wá ń ké, ń ké, kò jẹ́ ká gbọ́ra. Ọkọ rẹ bá fa bẹ́líìtì, ó fi de àpò iṣu, ọkọ̀ dákẹ́. Ó ní, 'Ìyá, ẹ wo èrò mi.' A jọ rẹ́rìn-ín."

Sèlíátù ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ. Ni Sèlíátù bá bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí a kò gbọ́ látìgbà tí o ti lọ, kí a sì tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ẹ̀rín ti di ẹkún. Àpótí tó mọ ìwúwo ẹsẹ̀ rẹ, kò mọ ìyàtọ̀ láàárín èèyàn àti iṣu!

Yésúfù lọ sí kọ̀rídọ̀ Béoumi láti wádìí. Àwọn ọmọ ogun wo ara wọn. Wọ́n ní iṣu wà níbẹ̀ lóòótọ́, ó fọ́n ká sínú koríko. Ebi ń pa wọ́n, wọ́n sì sè é jẹ. Ọ̀kan nínú wọn ní iṣu náà dára, ó sì wo ilẹ̀. Ta ni ìbá bi wọ́n léèrè iṣu nígbà tí òkú wà nílẹ̀?

Ìtàn náà tan ká ọjà bí iná ọyẹ́. Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, Aboubacar wá bá wa. Kò mu omi tí a gbé fún un. Ó gbé fóònù, ó pe Lomé níṣojú wa, ó ní kí wọ́n pe Christian fún òun.

Ó ní, "Èmi ni mo sá a. Ọ̀nà Brobo ni, kí ọkọ̀ náà tó dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì. Kò fi sáré rí."

Lẹ́yìn náà ló lọ tú àpótí náà, tó fi lé Sèlíátù lọ́wọ́. Sèlíátù ní kí Yésúfù gbé e lé irin tí o máa ń lu nǹkan lé, kó fi òòlù rẹ lù ú. Yésúfù lù ú títí ó fi di ẹ̀rúnrún, kí ẹnikẹ́ni má bàa kà ọ́ mọ́.

Tàjúdínì, orúkọ rẹ ti mọ́. Yésúfù ló ń bójú tó gáràjì, àwọn oníbàárà rẹ kò sì fi wá sílẹ̀. Sèlíátù ti kọ́ ọkọ̀ wíwà. Ọkọ̀ akẹ́rù àtijọ́ tí kò mọ nǹkan kan nípa ẹnikẹ́ni ló fi ń kó iṣu Ìyá Sákínátù láti Béoumi wá sí Bouaké.

Ohun tí o rí lójú ọ̀nà lọ́jọ́ náà, a kò mọ̀ ọ́n títí di òní. Ṣùgbọ́n Sèlíátù ní ìgbà àkọ́kọ́ tí òun dá gba ibẹ̀ kọjá, ní ọ̀sán gangan, kí òun tó rí igi náà rárá ni ẹsẹ̀ òun ti tẹ bíréèkì. Òun kọ́ ló tẹ̀ ẹ́. Ọkọ̀ dúró. Ọ̀nà ṣófo, atẹ́gùn kò fẹ́. Ó jókòó níbẹ̀, ẹ̀rù kò bà á, títí ẹsẹ̀ náà fi dẹ̀ fúnra rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló ń rí ní gbogbo ìgbà tó bá ń kọjá.

Kò sọ ọ́ fún ìmáàmù, àwa náà kò sì bi í léèrè púpọ̀. Kí Ọlọ́hun tẹ́ ọ sí afẹ́fẹ́ rere. Bó bá jẹ́ pé ìwọ lò ń dá a dúró níbẹ̀, ó ní ká sọ fún ọ pé òun ń gbọ́, pé òun ṣì ń fẹ́ ọ. Àwa náà ṣì ń fẹ́ ọ.