Ẹni Tó Wà Lẹ́yìn Kọ́tìnì

Ojúlé Kejìlá,
Òpópónà Àwọn Gbẹ́nàgbẹ́nà.
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹta.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lẹ wà? Awakọ̀, ọkọ yín, ńkọ́, ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn wọ́n ti fi wọ́n lọ́rùn sílẹ̀? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ara Màámi le, wọ́n ní kí n kí yín kú àtijọ́. Èmi náà wà, Ọ̀bùn yín, ọ̀dà ṣì kún èékánná mi bẹ́ ẹ ṣe fi mí sílẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó kẹ́ ẹ tó ka èyí tó kù. Ṣé ẹ rántí àwòrán inú pálọ̀, èyí tí Bàbá yà wá pẹ̀lú Màámi, tá a fi ọjọ́ mẹ́jọ dúró sójú kan bí òpó iná? Ẹ gbé ọwọ́ kan lé èjìká Màámi, ẹ wá ń fi ìkejì já mi ní èékánná kí Bàbá lè pariwo mọ́ mi. Òórùn tapẹntáìnì ọjọ́ yẹn ṣì wà nímú mi. Háà, ayé ìgbà yẹn dùn! Nígbà tẹ́ ẹ wá tẹ̀ lé awakọ̀ lọ láìgbàṣẹ, Bàbá ya kọ́tìnì aláwọ̀ ewé bò yín mọ́lẹ̀ nínú àwòrán náà. Ọdún kejìlélógún rèé. Ẹ búra pé ẹsẹ̀ yín ò ní tẹ ilé yìí àfi tí Bàbá bá pè yín. Àwọn náà ò dárúkọ yín mọ́.

Lóṣù tó kọjá, ọmọ mi obìnrin tó ń kọ́ iṣẹ́ àwòrán wálé. Ó dúró níwájú àwòrán náà, ó ní, "Dádì, ta ló wà lẹ́yìn kọ́tìnì yìí?" Mo sún mọ́ ọn: ọwọ́ yín rèé léjìká Màámi, iwájú orí yín rèé, àti ojú kan. Ó ní àwọn ayàwòrán ní ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan fún un, pẹntimẹ́ńtò: kí ayàwòrán ya nǹkan, kó yí ọkàn padà, kó fi ọ̀dà bò ó, kí ọ̀dà òkè wá máa fẹ́lẹ́ bó ṣe ń gbó, kí ti ìsàlẹ̀ tún máa yọjú. Èmi ọ̀mọ̀ràn nawọ́ sí àbàwọ́n òjò lára ògiri, mo ní pẹntimẹ́ńtò nìyẹn náà. Ọmọ yìí rẹ́rìn-ín mi títí. Ó ní wọn kì í lò ó fún ìdọ̀tí, wọn kì í sì í lò ó fún ohun tí ẹlòmíràn bò. Ọwọ́ tó yà á náà ló gbọ́dọ̀ bò ó.

Bàbá tí wọ́n ń díbọ́n pé àwọn ń sùn (ẹ kúkú mọ̀ wọ́n) bá béèrè ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà gan-an. Ọmọ yìí ní èdè ìlú mìíràn ni Gẹ̀ẹ́sì ti yá a, pé kí èèyàn kábàámọ̀ ló túmọ̀ sí. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fọwọ́ bò ó lẹ́nu! Bàbá dìde, wọ́n wọ yàrá lọ.

Lọ́jọ́ kejì, kí ọ̀rọ̀ má baà di wàhálà, mo po ọ̀dà pé kí n tún kọ́tìnì náà kùn. Bàbá bá mi níbẹ̀. Wọ́n ní ẹ̀ẹ̀melòó ni mo rí i pé àwọn kun kọ́tìnì náà. Mo wò ó dáadáa: ẹ̀ẹ̀kan péré ni, ó sì fẹ́lẹ́ bí omi. Wọ́n ní ẹ̀ẹ̀melòó ni àwọn kọ́ wa pé ká máa kun nǹkan? Ẹ̀gbọ́n mi, ṣebí orin ẹnu wa ni: tó o bá fẹ́ bo nǹkan, kùn ún lẹ́ẹ̀mẹta, jẹ́ kó gbẹ lẹ́ẹ̀mẹta. Mo dáhùn pé ẹ̀ẹ̀mẹta ni. Bàbá wò mí tìkàtẹ̀gbin, wọ́n ní, "Àbí o rò pé mi ò mọ iṣẹ́ mi ni? Gbé búrọ́ọ̀ṣì yẹn sílẹ̀." Mi ò ní purọ́ fún yín, mo sunkún.

Wọn ò tíì ní kí n pè yín o. Agídí Bàbá, ẹ̀yin náà lẹ jogún ẹ̀. Màámi ní tá a bá fọwọ́ òsì bá ọmọ wí, ọ̀tún la fi ń fà á mọ́ra, pé ọ̀tún ti Bàbá ló kàn pẹ́ kó tó dé. Bàbá ti yí àga wọn kọjú sí àwòrán náà. Ojú wọn ti ń ṣe bàìbàì, dókítà sì ní ó ṣeé ṣe kí wọ́n má ríran mọ́ kí ọdún tó parí. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń bi ọmọ mi lójoojúmọ́ pé ibo lẹ yọ dé. Ọ̀dà kì í ṣe ewébẹ̀, ibi tó wà lánàá náà ló wà lónìí. Wọ́n á tún béèrè lọ́la.

Ẹ bá mi kí awakọ̀ àti gbogbo ilé. Ojú yín kan ló ṣì yọ, ẹ̀gbọ́n mi, ẹnu ò tíì yọ. Ẹ má dúró de ọ̀dà.

Èmi ni tiyín títí ayé,
Ọ̀bùn, àbúrò yín.