Ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ Tí Mo Fi Sọ́rùn Bàbá Ọ̀ṣunbíyìí

Ajáńgbádì, Ọ̀jọ́,
Ọjọ́ Ajé, 8 Oṣù Kẹta, 1993.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n, Sista Àyìnkẹ́,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo mọ̀ pé ara yín le ní ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì n'Ìbàdàn, àti pé abẹ́rẹ́ tí ẹ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń gún kò tíì gún yín. Ní tèmi, ẹ máa bọ̀wọ̀ fún mi láti òní lọ. Láti Okokomáíkò dé Ìbà, kò sí òpìtàn kejì lẹ́yìn mi. Bí mo bá wúkọ́, gbogbo yunifásítì á dákẹ́.

Dókítà Adébísí, obìnrin kan tó ń kọ́ni ní ìtàn ní yunifásítì Ọ̀jọ́ níbí, gbé rédíò tí wọ́n fi ń gba ohùn sílẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá mi ní Àlàbá. Èmi ni mo tún un ṣe. Wọ́n ní ìwádìí àwọn dá lórí Ìjọ Áńgílíkà, ìjọba òyìnbó àti ẹrú. Pé àwọn kan ń wàásù òmìnira fún wa, bẹ́ẹ̀ ìjọ lókè òkun ti jẹ nínú owó ìrèké tí ẹrú gbìn. Wọ́n ń wá ìdílé tó ti wà nínú ìjọ náà látijọ́. Ẹnu mi yá: "Tiwa ni, mà!"

Wọ́n wá sílé. Màmá Àgbà kò sọ ju "Ẹ káàbọ̀" lọ. Kí àlejò má baà lọ lófo, mo gba ọ̀rọ̀ sọ. Mo ní wọ́n fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ de Bàbá Ọ̀ṣunbíyìí babańlá wa, ó bẹ́ sókun láti inú ọkọ̀ ẹrú, ó lúwẹ̀ẹ́ fún ọjọ́ méje, kí àlùfáà tó fà á jáde, tó tún rì í bọmi, bí ẹni pé omi tó ti mu kò tó. Dókítà rẹ́rìn-ín sí ọjọ́ méje yẹn, ṣùgbọ́n wọ́n gba ìyókù gbọ́. Mínírà méjì ni wọ́n rà fún mi. Ọjọ́ Ẹtì yìí ni wọ́n ń gbé kásẹ́ẹ̀tì tí wọ́n gba ohùn mi sí lọ sí Lọ́ńdọ̀nù láti parí ìwé wọn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Màmá Àgbà ń ṣa ẹ̀wà, wọ́n pè mí: "Táyọ̀ ẹlẹ́nu ṣíṣí, jókòó. Ẹnikẹ́ni ò de Ọ̀ṣunbíyìí rí. Òun ló ń de ènìyàn." Wọ́n ní ẹrú mẹ́rin ló ní lóko l'Ábẹ́òkúta, òun kan náà ló sì ń ka Bíbélì fún ìjọ lọ́jọ́ Ìsinmi. Àlùfáà ń jẹ iṣu oko yẹn. Ó ri àwọn ẹrú náà bọmi, ó sọ wọ́n lórúkọ tuntun, wọ́n sì padà sídìí ọkọ́ lọ́jọ́ Ajé. Ọ̀kan nínú wọn ni babańlá Abọ́lá.

Abọ́lá, Sista! Ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń jẹ nínú àwo kan, tí wọ́n ní ọmọ bàbá kan ni wá. Àṣé ìdí nìyẹn tí ìyá rẹ̀ fi máa ń gba ẹran ọdún kẹ́yìn. Wọn kì í sọ ọ́ nínú ilé wa, wọ́n kàn ń pín ẹran. Èmi wá bọ́ ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lọ́rùn babańlá rẹ̀, mo fi sọ́rùn tiwa, mo sì fi mu mínírà.

Mo ní kí n sáré lọ sọ òtítọ́ fún Dókítà. Màmá Àgbà ní: "Ojú á tì mí, kò ní pa mí. Ṣùgbọ́n Abọ́lá ni kó kọ́kọ́ gbọ́, kì í ṣe obìnrin oníwèé." Láti ìgbà náà ara mi kò balẹ̀. Irin tí mo fi ń jó wáyà ti jó mi níka lẹ́ẹ̀mejì. Mo dé ẹnu ọ̀nà yunifásítì lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mo yí padà.

Ṣùgbọ́n ẹ fọkàn balẹ̀. Lánàá, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Abọ́lá. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ó dáa, lọ́dún yìí, èmi ni màá kọ́kọ́ mú ẹran." A jọ lọ bá Dókítà, wọ́n sì pa ohùn mi rẹ́.

Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ yege ìdánwò yín. Ọwọ́ yín kò ní gbọ̀n lára aláìsàn. Ilé á rójú títí ẹ ó fi dé.

Èmi ni àbúrò yín tí ẹ pọ̀n dàgbà,
Táyọ̀.

Mo tún rántí: Sista, irọ́ ni ohun tí mo kọ lókè pé ó ṣẹlẹ̀ lánàá. N kò tíì sọ nǹkan kan fún Abọ́lá, n kò sì tíì rí Dókítà. Abọ́lá jókòó tì mí báyìí ní ilé ìfìwéránṣẹ́ Okokomáíkò, ó ń bi mí pé kí ni mò ń kọ tó gùn tó báyìí. Màá fún un kà kí n tó lẹ ẹ́ pa.