Àmì Bírò Lọ́wọ́ Ìyá Àgbà

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kẹta
Ó rẹ̀ mí. Ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti ń ṣe nọ́ọ̀sì ní wọ́ọ̀dù àwọn ọmọ tó ní jẹjẹrẹ. Mo kọ lẹ́tà lónìí pé kí wọ́n gbé mi lọ sí ọ́fíìsì tí wọ́n ń kó fáìlì sí. Fáìlì kì í ké. Mi ò sọ fún ẹnì kankan.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4
Ìyá Àgbà gba oògùn. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni, ẹnu bí ẹni ọgọ́rin — èmi ni mo sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀. Iṣan ọwọ́ rẹ̀ ti sá tán. Èmi nìkan ló máa ń rí i lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ní ẹlòmíì ò gbọdọ̀ gún òun lábẹ́rẹ́. Oògùn rẹ̀ ku ìgbà mẹ́rin.

Ọjọ́bọ̀, 6
Mátírọ́nù ní wọ́n ti gba ohun tí mo kọ. Ọjọ́ kẹrìnlá ni màá lọ. Ṣebí ó yẹ kí inú mi dùn?

Ọjọ́ Àìkú, 9
Mo ní kí Nọ́ọ̀sì Tuntun gún Ìyá Àgbà. Ẹ̀ẹ̀mẹta, pàbó ni. Ọmọ náà ò ké. Èmi ló ń wò. Ìyá rẹ̀ ló bú sẹ́kún, ó ní ṣé èmi náà fẹ́ fi wọ́n sílẹ̀ ni. Mo ní rárá o. Irọ́ gbuu! Mo gba abẹ́rẹ́, mo rí iṣan. Mo lọ sunkún ní yàrá tí a ń kó aṣọ bẹ́ẹ̀dì sí.

Ọjọ́rú, 12
Ẹsẹ̀ mi wú. Ara kì í ṣe igi.

Ọjọ́ Ẹtì, 14
Mo bá Ìyá Àgbà tó na ọwọ́ sí Nọ́ọ̀sì Tuntun. Ó ti fi bírò ya òdo kékeré sí ìsàlẹ̀ àtàǹpàkò, ibi tí mo máa ń gún gan-an. Ó ń pàṣẹ: kó kọ́kọ́ fi aṣọ gbígbóná bò ó, kó má kánjú, kó gba ẹ̀gbẹ́ wọlé. Ọ̀rọ̀ ẹnu mi ni gbogbo rẹ̀! Ẹ̀ẹ̀kan náà, ó rí iṣan, ẹ̀jẹ̀ yọ. Ìyá rẹ̀ pàtẹ́wọ́.
Mo bi Ìyá Àgbà pé ta ló sọ fún un pé mò ń lọ. Ó ní kò sẹ́ni tó sọ, mo kàn ń mí kanlẹ̀ jù. Ó ní, "Ẹ lọ sinmi, Nọ́ọ̀sì. Mo mọ bó ṣe máa ń rẹ èèyàn."
Ojú tì mí. Ọdún mẹ́sàn-án, kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún mi rí.
Mo lọ bá Mátírọ́nù pé kí wọ́n dá lẹ́tà mi padà, kí wọ́n fún mi ní ìsinmi ọ̀sẹ̀ kan. Màá ti dé kí Ìyá Àgbà tó gba oògùn tó kẹ́yìn.
Mo sọ fún Ìyá Àgbà. Ó wo ojú mi títí.
"Ọ̀sẹ̀ kan ò lè tó yín o."