Ọjọ́ Tí A Ò Gbọdọ̀ Kọrin ní Rédíò Àná

Ẹ kú ilé o, Màámi. Ẹ kú ojú lọ́nà. Mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ fún Bàbá mi, mo kí Ìyá Àgbà, mo kí gbogbo àwọn àbúrò mi, pàápàá èyí tó jogún bàtà mi. Kó má rò pé mo ti gbàgbé.

Ẹ ó ti máa bi ara yín pé kí ló dé tí mi ò pè láti ìjẹta. Ara mi le. Ọ̀fun mi ni kò jẹ́. Bí mo bá la ẹnu báyìí, bí ìlẹ̀kùn tí kò rí epo ló ń dún. Ẹ óò rí ìdí rẹ̀ níwájú. Mo mọ̀ yín, Màámi, ẹ ó fẹ́ sáré lọ wo ìparí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa bá mi bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹ má sì bínú pé gbogbo ayé ló ń bá yín ka lẹ́tà yìí. Bàbá Títí, ọ̀gá mi, ló ní ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti ilé wa nìkan mọ́.

Nígbà tí ẹ torí irọ́ mi lé mi kúrò ní Ìkàrẹ́ wá sọ́dọ̀ àbúrò yín, Bọ̀dá Oyè, ní Mahintedo níbí, ẹ ní omi yóò pa mí lẹ́nu mọ́. Omi gbìyànjú. Omi níwájú, omi lẹ́yìn, omi lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ẹ̀fọn ibí lè gbé ọmọ jòjòló rékọjá odò, kó tún gbé e padà tí kò bá dùn. Lóṣù tí mo kọ́kọ́ dé, àpáta ẹ̀yìnkùlé wa ni mo ń ronú kàn bíi pé èèyàn ni.

Ọdún yẹn náà ni Bàbá Títí dá Rédíò Àná sílẹ̀. Mẹkáníìkì ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ni wọ́n tẹ́lẹ̀. Nígbà tí òkun ń jẹ ilé ní Abereke, etíkun tí àwọn apẹja wa ń gbà jáde, tí oníkálukú ń gbé bẹ́ẹ̀dì àti ìkòkò sá, àwo orin àtijọ́ ni Bàbá Títí ń bá wọn gbé. Àwọn àwo yẹn ni wọ́n kó sínú ilé onípákó kan, wọ́n ri òpó onírin sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n gbé sólà sórí òrùlé. Lọ́jọ́ tí a ṣí i, àwọn ọ̀dọ́ ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ pé rédíò àwọn òkú. Ṣùgbọ́n ìyá arúgbó kan tó ń wa ọkọ̀ kọjá dá àjẹ̀ rẹ̀ dúró, ó ní òun jó sí orin yẹn nígbà tí òun ṣì ní eyín. Odò ń gbé e lọ sẹ́yìn, kò mọ̀.

Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa nu àwo, kí n máa tan jẹnẹrétọ̀, kí n sì jìnnà sí máíkì. Bàbá Títí ní lọ́jọ́ tí mo bá fi ẹnu irọ́ mi kàn án, ìjọba á gba ìwé àṣẹ wa.

Nígbà tó fi di ọdún kejì, kò sí apẹja tí kò fi ọ̀rá di rédíò kékeré mọ́ inú ọkọ̀. Bọ̀dá Oyè ló sọ ìdí rẹ̀ fún mi. Wọ́n ní tí àwọn bá ń kúrò ní Abereke, orin á mọ́ gaara. Tó bá yá, á bẹ̀rẹ̀ sí í ha, bí ìgbà tí èèyàn ń fi èékánná ha páànù. Ibẹ̀ làwọn ti ń mọ̀ pé ilẹ̀ ti jìnnà.

Ní ọ̀sẹ̀ yìí, ọyẹ́ dé pẹ̀lú kùrukùru. Mo na ọwọ́ mi síta, ó pẹ́ kó tó padà wálé. Bọ̀dá Oyè àti ẹnì kejì wọn ti wà lókun. Ilẹ̀ ṣú, wọn ò dé. Ilẹ̀ mọ́, wọn ò dé. Àwọn tó wá wọn lọ ń padà bọ̀, torí wọn ò rí imú ọkọ̀ tiwọn gan-an.

Bàbá mi, ará òkè ni yín, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí Màámi mọ̀. Tí ọkọ̀ kan kò bá tíì ti òkun dé, ẹnikẹ́ni kì í kọrin níbí. Ìyá kì í fi orin rẹ ọmọ. Ẹni tó bá kọrin, ó ti sìnkú àwọn tó wà lójú omi nìyẹn.

Baálẹ̀ fúnra wọn ló wá láàárọ̀ pé ká pa rédíò. Bàbá Títí bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀. Wọ́n ní tí a bá pa á, kí ni àwọn ọkùnrin náà máa fi mọ ọ̀nà? Wọ́n á rò pé àwọn ti kọjá ibi tí ohùn ń dé. Baálẹ̀ ní òun gbọ́, àmọ́ òun kọ́ ni òun máa fi orin sin ọmọ tí òun sọ lórúkọ. Àgbà kan tó tẹ̀ lé wọn ń lọgun pé ẹni tó bá fọwọ́ kan àwo, òun á ju olúwarẹ̀ àti àwo sódò.

Ìyàwó Bọ̀dá Oyè, Àǹtí Ṣadé, ló bọ́ síwájú. Wọ́n wá bi Baálẹ̀ bóyá irọ́ pípa wà lára orin. Baálẹ̀ ní rárá. Bàbá Títí sáré gba máíkì, wọ́n kí àwọn ará ojú omi, àfi bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kùn bí ẹni tó fẹ́ kọrin, torí pé látijọ́ tí wọ́n ti dáyé, nǹkan tó wà nínú wọn nìyẹn. Àgbà yẹn fẹsẹ̀ janlẹ̀. Ni Àǹtí bá fi kọ́là ẹ̀wù mi fà mí wá síwájú máíkì, wọ́n ní ọmọ elẹ́nu bí agogo, ó yá, rojọ́.

Mo rojọ́, Màámi. Mo ní ewúrẹ́ Bàbá mi gun àpáta Ìkàrẹ́, ó bá awakọ̀ òfuurufú bọwọ́. Mo ní ẹja ọ̀bọ̀kún kan ní Abereke ń gba owó orí lọ́wọ́ akàn. Mo ní Bọ̀dá Oyè ń hanrun débi pé tí ẹ́ńjìnnì bá kú, kí wọ́n kàn dojú kọ ẹ̀yìn ọkọ̀ kí wọ́n sùn. Ẹnikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín. Àwọn obìnrin jókòó sétí omi, rédíò lórí itan, ojú wọn kọ ọ̀nà Abereke tí ẹnì kan kò rí.

Lọ́sàn-án, ọ̀fun mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ. Ìgbà yẹn ni ẹ̀rù wá bà mí. Tí ohùn mi bá ha, báwo ni wọ́n ṣe máa mọ̀ pé ọ̀fun ọmọ ni, pé kì í ṣe ilẹ̀ ló jìnnà? Wọ́n á yí ọkọ̀ kúrò lọ́nà ilé. Ẹkún ń bọ̀, mi ò lè sun ún, torí ẹkún a máa ha ohùn. Àǹtí Ṣadé ń gbé ife ògì gbígbóná sí mi lẹ́nu láàárín irọ́ kan sí òmíràn, omi ojú wọn ń kán sínú rẹ̀. Nígbà tó yá, irọ́ tán nínú mi. Ẹ gbà mí gbọ́. Òótọ́ ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ. Mo ní kí Bọ̀dá Oyè jọ̀ọ́ máa bọ̀ nílé, torí mi ò mọ ẹnu tí mo máa fi sọ fún Màámi. Ohùn mi gbọ̀n. Mo sáré padà sídìí ewúrẹ́.

Ọjọ́ ti ń rọ̀ nígbà tí ariwo sọ létí omi. Mi ò dìde, torí kò tíì sẹ́ni tó ní kí n dákẹ́. Bọ̀dá Oyè fẹsẹ̀ ara wọn wọlé, ẹnì kejì wọn ń bọ̀ lẹ́yìn. Iyọ̀ ti sọ ètè Bọ̀dá di funfun. Wọ́n kọ́kọ́ gbá mi lórí, wọ́n ní ta ló sọ fún mi pé àwọn ń hanrun. Lẹ́yìn náà ni wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Wọ́n ní ẹ́ńjìnnì kú, àjẹ̀ ni àwọn fi ń wá ilẹ̀. Táwọn bá wà á sápá kan, ewúrẹ́ á máa ha. Táwọn bá yí i, ewúrẹ́ á mọ́ gaara. Wọ́n ní ìgbà kan wà tí ohùn náà gbọ̀n, àwọn sì ti fẹ́ yí ọkọ̀, ṣùgbọ́n àwọn gbọ́ tí mo pe Màámi, àwọn sì mọ̀ pé ẹkún ni, kì í ṣe ọ̀nà jíjìn. Ewúrẹ́ làwọn ń tẹ̀ lé títí àwọn fi gbọ́ ìgbì tó ń lu èbúté Abereke.

Baálẹ̀ mi orí sí Bàbá Títí. Wọ́n gbé àwo lé ẹ̀rọ, gbogbo ìlú bú sórin. Èmi nìkan ni mi ò rí ohùn kọ ọ́.

Àbúrò yín kí yín púpọ̀. Wọ́n ní tí ọyẹ́ bá kásẹ̀, àwọn àti Baálẹ̀ ń bọ̀ ní Ìkàrẹ́ wá kí ewúrẹ́ náà. Bàbá mi, mo mọ̀ pé a ò sin ewúrẹ́ rí. Ẹ bá mi wá ọ̀kan kí wọ́n tó dé.

Ẹ bá mi kí gbogbo àdúgbò. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ohùn wa jìnnà síra wa. Ẹni tó bá jáde nínú wa á máa gbọ́ ilé.

Èmi ni ọmọ yín tí omi ò rí pa lẹ́nu mọ́,
Gbénga.