Ìdọ̀bálẹ̀ Kólìn Nínú Ilé Wa ní Mòwé

Mòwé,
Oṣù Kẹta, 1988.

Ayọ̀níkẹ́ ọmọ mi,

Èmi tí mo fẹsẹ̀ rìn kúrò ní Ìkìrun nígbà tí n kò tíì ní irùngbọ̀n, tí mo ru pákó ní Ìfọ̀ títí àtàrí mi fi pá, tí mo sùn sábẹ́ lọ́rì bí ẹni sùn sórí bẹ́ẹ̀dì, tí òjò wó ilé alámọ̀ lé lórí, tí wọ́n ta ilẹ̀ kan ṣoṣo fún èmi àti ẹlòmíràn lọ́jọ́ kan náà, tí n kò kàwé kọjá kíláàsì kejì, síbẹ̀ tí mo di Mùsáfírù Oníbúlọ́ọ̀kù tí gbogbo ẹ̀bá ọ̀nà márosẹ̀ láti Ìbafò dé Mòwé ń kí kú iṣẹ́, èmi náà ni mo kí ọ o. Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé iṣẹ́ kò wọ̀ ọ́ lọ́rùn jù? Ọlọ́run Ọba kò ní jẹ́ kí Èkó gbé ọ mì. Ìyá rẹ Ròkíátù kí ọ, ewúrẹ́ rẹ ti bí ìbejì, akọ méjèèjì.

Kí ọkàn rẹ balẹ̀. Kólìn, òyìnbó rẹ, wà láàyè, ó sì ti ń jẹun. Mo mọ̀ pé láti ìgbà tó ti kúrò lọ́dọ̀ rẹ wá sílé wa, o kò gbúròó rẹ̀. Ẹ̀bi tẹlifóònù ni. Mo lọ sí ilé tẹlifóònù, mo fún ọ̀dọ́mọkùnrin ibẹ̀ ní nọ́ńbà ibi iṣẹ́ rẹ. Ó yí i, ó yí i, ó ní kí n họ́ọ̀dù ọ́ọ̀nù. Mo di etí tábìlì rẹ̀ mú títí apá fi ń ro mí. Ó tún un yí, ó wá ní Bàbá, ó ti ẹngéèjì. Ara mi bù máṣọ! Ta ló sọ fún un? Èmi tí mo bí ọ kò tíì fọwọ́ sí i, ọmọ tẹlifóònù ti mọ̀! Mo bi í pé ẹngéèjì pẹ̀lú ta ni, ó ní òun kò mọ̀, pé ẹlòmíràn ṣáà ló ń bá a sọ̀rọ̀ lọ́wọ́. Mo ní ẹlòmíràn kẹ̀? Òyìnbó rẹ̀ tó wà nílẹ̀ nílé mi ńkọ́? Mo fi ìbínú gba ilé lọ. Ìyá rẹ ló ní kí n jókòó kọ ìwé.

Wàyí o, gbọ́ bó ṣe jẹ́. O rántí pé nígbà Iléyá tí o sọ pé òyìnbó ni o fẹ́ fẹ́, n kò sọ bẹ́ẹ̀ ni, n kò sì sọ bẹ́ẹ̀ kọ́. Bàbá rẹ àgbà Ògúnkànmí, olórí ẹbí wa, ló sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Wọ́n ní òyìnbó a máa bọ àgbà lọ́wọ́ bí ẹni ń fa okùn kànga, pé ẹni tí kò lè dọ̀bálẹ̀ kò ní mú ìyàwó jáde nínú ilé àwọn. Èmi wá ní kí ó kọ́kọ́ wá ṣe ọ̀wẹ̀ àna fún mi ná, bí èmi náà ṣe kọ ebè fún bàbá ìyá rẹ. N kò dáko mọ́, búlọ́ọ̀kù ni oko mi. Mo rò pé yóò sá.

Kò sá o. Ó dé láàárọ̀, ó bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì, ó bọ́ sáàárín àwọn lébìrà, ó ń po sìmẹ́ńtì, ó ń gbé búlọ́ọ̀kù lọ tẹ́ sóòrùn. Àwọn lébìrà ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní Òyìnbó, padà sínú mọ́tò rẹ tó ń fẹ́ atẹ́gùn tútù. Ó ní ó dára, ó dára. Ìyẹn nìkan ló mọ̀ lédè wa. Lọ́sàn-án ẹ̀yìn rẹ̀ ti ń pọ́n, mo rò pé ẹ̀jẹ̀ iṣẹ́ ló yọ sí i, mo tiẹ̀ ń yìn ín. Nírọ̀lẹ́ ó ti pọ́n bí ẹyìn inú igbá. Nígbà tí ilẹ̀ fi ṣú, gbogbo ara rẹ̀ ń gbọ̀n, ẹ̀yìn rẹ̀ ti yọ ìléròrò.

Ẹ̀rù bà mí. Oòrùn tó ti ń wá mi pa láti kékeré tí kò rí mi pa, òun ló fẹ́ pa ọmọ ọlọ́mọ mọ́ mi lọ́wọ́ yìí! Ìwọ náà ti sọ fún mi rí pé ní Sikọ́tílándì tiwọn, oòrùn a máa yọ bí àlejò tó ń kánjú ni. Mo ránṣẹ́ sí Nọ́ọ̀sì Bùrẹ́ímọ̀ ní Ìbafò. Kí ó tó dé, mo ti gbé àdí dání láti fi pa á lára. Nọ́ọ̀sì figbe ta, ó ní Bàbá Oníbúlọ́ọ̀kù, ṣé ẹ fẹ́ dín in ni? Ó gba àdí lọ́wọ́ mi. Ó ní aṣọ tí a rẹ sínú omi tútù ni kí a máa tẹ́ lé e lẹ́yìn, kí ó máa mu omi dáadáa, kí ẹnikẹ́ni má bẹ́ ìléròrò náà, kí ó má sì rí oòrùn mọ́. Ìyá rẹ mú ògbólógbòó ìró rẹ̀ tó rọ̀ jù wá, òun la ń rẹ sómi.

Inú àpò rẹ̀ la ti rí ìpara kan tí wọ́n kọ 15 sí lára. Mo rò pé ti ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni. Nọ́ọ̀sì ní òun ni òyìnbó fi ń dènà oòrùn, ó wá fi Gẹ̀ẹ́sì bi í pé kí ló dé tí kò fi pa á. Ó ní òun wò títí, òun kò rí lébìrà kankan tó ń para, ojú ti òun láti dá a ṣe. Ayọ̀níkẹ́, ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lákínyẹmí ara. Ọmọ Yorùbá mélòó ló ti sá fún mi lábẹ́ oòrùn yìí!

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ló ń bọ̀ yìí. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo ṣílẹ̀kùn pálọ̀, mo bá a tó na gbalaja lórí ẹní, àyà nílẹ̀, ikùn nílẹ̀, ọwọ́ méjèèjì lẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo ní dìde, ọmọ mi, ó tó. Kò dìde. Ọ̀sán pọ́n, ó wà níbẹ̀. Ilẹ̀ ṣú, ó wà níbẹ̀. Gbogbo ẹni tó wá bẹ̀ ẹ́ wò ló dọ̀bálẹ̀ fún, títí kan ìyá tó ń kiri ẹ̀kọ. Nọ́ọ̀sì ní nítorí pé kò lè fẹ̀yìn lélẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ ìwé nìyẹn. Ṣé kò lè fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ ni? Ẹni tó ti jìyà bíi tèmi mọ ọ̀wọ̀ bó bá rí i.

Mo ránṣẹ́ pe Bàbá Ògúnkànmí ní Òkè-Àró. Wọ́n múra ìjà wá. Nígbà tí wọ́n wọlé tí wọ́n bá òyìnbó nílẹ̀, wọ́n rọra bọ́ fìlà. Wọ́n bi mí pé ìgbà wo ló ti wà níbẹ̀, mo ní láti ìjẹta ni. Wọ́n jókòó wọ̀ọ̀. Wọ́n ní ìyàwó mẹ́ta làwọn fẹ́ láyé àwọn, kò sí èyí tí àwọn dọ̀bálẹ̀ fún bàbá rẹ̀ ju kí eṣinṣin bà kó tún fò lọ. Kólìn gbórí sókè díẹ̀, omi lójú, ó ní ó dára. Bàbá fi etí agbádá nu ojú tiwọn náà. Wọ́n ní kí ó dìde, àwọn ti fún un lọ́mọ. Orí ẹní yẹn náà ni wọ́n ti súre fún un. Èmi náà sì ti fọwọ́ sí i tọkàntọkàn.

Láti ọjọ́ mélòó kan ni ẹ̀yìn rẹ̀ ti ń bó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà, mo wá mọ ìdí tí àwọn baba wa fi pè wọ́n ní òyìnbó. Mo ń yọjú wò ó láràárọ̀ bóyá dúdú ló máa hù lábẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n pupa náà ni. Kò burú, bí a ṣe gbà á nìyẹn.

Ra agbòòrùn ńlá kan fún un, àti ṣẹ́ẹ̀tì alápá gígùn tó fẹ́lẹ́. Fi owó díẹ̀ náà ránṣẹ́ sí mi fún pákó àti páànù, Ṣàràfá dírẹ́bà tó mú ìwé yìí wá ni kí o fi lé lọ́wọ́. Kì í ṣe pé n kò lówó o, owó mi ti di búlọ́ọ̀kù ni, ó ń gbẹ lóòrùn lọ́wọ́. Ilé tí o fẹ́ kọ́ yìí, kò ní sán, kò ní wó. Ẹ ó jọ dàgbà, ẹ ó jọ hewú, ẹ̀yin kò ní ṣàìsàn lọ́jọ́ kan náà kí ẹ wá olùtọ́jú tì. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ, Mùsáfírù, tó jẹ́ pé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ ni n ó pe káfíńtà kí ó kan àtíbàbà gbàràmù síwájú ilé wa, kí bàbá Kólìn àti àwọn ẹbí rẹ̀ lè rí ibi tútù dọ̀bálẹ̀ sí nígbà tí wọ́n bá dé láti Sikọ́tílándì, nítorí bí ti ọmọ bá gba ọjọ́ mẹ́ta, ti bàbá kò ní dín ní ọ̀sẹ̀ kan.