Àkùkọ Funfun Dójú Tì Mí Lójú Àna Rẹ

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé ara le? Èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ kò ní bàjẹ́, èyí tí ò ń wá kò ní sá fún ọ. Àwa náà wà, ẹ̀yìn tó máa ń dùn mí ló ṣì ń dùn mí. Bàbá rẹ kí ọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú wọn ò tíì yọ́ sí mi.

Mo mọ̀ pé o ti ń pe fóònù mi tí kò wọlé. Èmi ni mo pa á, mo fi aṣọ wé e, mo tì í bọ inú agolo ìrẹsì. Ojú ń tì mí. Ẹ̀rù ń bà mí pé bí mo bá tàn án pẹ́nrẹ́n, ìyá àfẹ́sọ́nà rẹ á rí mi nínú rẹ̀ níbi tí mo jókòó sí.

Àwọn àkùkọ ẹ̀yìnkùlé ló fà á. O mọ Aláriwo, èyí dúdú: bí bọ́kẹ́ẹ̀tì bá ṣubú, á kọ, bí ilẹ̀kùn bá dún, á kọ, bẹ́ẹ̀ òròmọdìyẹ lásán ló ń lé e kiri. Baba Ọmọ, àgbà wọn, kì í bá ẹnikẹ́ni jà; bó bá rí kòkòrò, á pe àwọn ìyàwó rẹ̀ kí wọ́n wá jẹ ẹ́, òun á máa wò. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, èyí funfun, kì í pariwo, bí àwọn yòókù bá ń jẹun á dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé. Mi ò mọ̀ pé ẹ̀yìn ènìyàn ló ń dúró dè.

Nígbà tí ìyá àfẹ́sọ́nà rẹ ní àwọn ń bọ̀ wá kí wa, Aláriwo ni mo so mọ́lẹ̀. Mo fi Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ sílẹ̀, mo tiẹ̀ fọ ẹsẹ̀ rẹ̀, kí wọ́n lè rí i pé adìyẹ ilé wa pàápàá ní ìwà. Wọ́n dé tọ̀yàyà tọ̀yàyà. Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ pé kí àwọn gbé báàgì sílẹ̀ báyìí, Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ fò lé wọn lẹ́yìn, ó já wíìgì orí wọn gbà, ó ń fi gbálẹ̀ kiri àgbàlá. Irun tó wà lábẹ́ rẹ̀ kò tó ti ọmọ tuntun. Ọmọ mi, dípò kí n fi ìborùn mi bò wọ́n, ẹ̀rín ni mo bú sí, mo rín in títí mo fi jókòó sílẹ̀. Wọn ò mu omi tí a gbé fún wọn. Wọ́n fọwọ́ bo orí, wọ́n lọ.

Ìyàwó télọ̀ òdìkejì sì ti fi fóònù ya gbogbo rẹ̀, ó gbé e síbi tí ayé ti ń wò ó. Mo sáré lọ ní kó pa fóònù náà, kí àwọn tó ń wò ó má ríran mọ́. Ó pa á lóòótọ́, síbẹ̀ oníbúrẹ́dì ní òun ṣì ń rí i. Mi ò mọ irú ojú tí wọ́n ní.

Mo ní bí ìgbéyàwó rẹ bá bàjẹ́, eyín mi ló bà á jẹ́. Mo gbá àkùkọ náà mú, mo gbé e lọ sílé ìyá àfẹ́sọ́nà rẹ, mo ní kí wọ́n pa á. Wọn ò tiẹ̀ wò ó. Wọ́n ní àkùkọ ò mọ ẹni tí àwọn jẹ́, ṣùgbọ́n èmi mọ̀.

Gbogbo ẹ̀bẹ̀ tí mo tò sẹ́nu ló tán. Mo kúnlẹ̀, mo tú gèlè mi. Ìwọ ò mọ̀, bàbá rẹ nìkan ló mọ̀, pé irun àárín orí mi ti lọ tipẹ́. Mo sọ fún wọn pé inú mi ló dùn pé kì í ṣe èmi ló ṣẹlẹ̀ sí, òun ni mo fi rẹ́rìn-ín. Ojú tì mí débi pé mi ò lè gbórí sókè. Wọ́n wò mí títí, wọn ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n sún lórí bẹ́ǹṣì, wọ́n ní kí n wá jókòó.

Ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó yín ò bàjẹ́. Ṣùgbọ́n jọ̀ọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí n ra wíìgì mìíràn fún wọn, torí adìyẹ kan ti yé ẹyin sínú ti àkọ́kọ́. Má fi í gba inú fóònù wá o, kí owó náà má há sínú ìrẹsì. Fún awakọ̀ kó bá mi mú un bọ̀.

Ọlọ́run á bo àṣírí rẹ, lójú àna àti lójú adìyẹ. Ọjọ́ tí àṣírí ẹlòmíràn bá tú lójú rẹ, á jẹ́ kí o tètè rí ìborùn rẹ nà sí wọn.

Èmi ni ìyá rẹ, tí ojú ṣì ń tì.